Òkè tó ń jẹ́ orúkọ nọ́ọ̀sì

Ìyá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

O kú ọjọ́ mẹ́ta o. Àwọn ìbejì ńkọ́? Iṣẹ́ alẹ́ ni kò jẹ́ kí n tètè kọ̀wé, má bínú.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, èmi àti àwọn ará wọ́ọ̀dù wa wa mọ́tò láti Edmonton lọ sí Jasper, ní Kánádà wa níbí, bíi wákàtí mẹ́rin. Oorun ti gbé mi lọ. Ìgbà tí mo lajú, òkè ràgàjì kan ló dúró níwájú wa, yìnyín bo orí rẹ̀. Mo bi ẹni tó ń wakọ̀ léèrè orúkọ rẹ̀. Ó ní, "Edith Cavell." Ta nìyẹn? Ó ní, "Nọ́ọ̀sì ni."

Nọ́ọ̀sì kẹ̀! Àwa tí aláìsàn kì í mọ orúkọ wa, "Nọ́ọ̀sì! Nọ́ọ̀sì!" ṣáá ni.

Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ni. Brussels, ní Belgium, ló ti ń kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní dé tí Jámánì gba ìlú náà. Ó ń fi àwọn sójà tí ogun há mọ́bẹ̀ pamọ́, ó sì ń bá wọn wá ọ̀nà sá lọ sí Netherlands. Wọ́n tó 200. Àṣírí tú, àwọn Jámánì sì yìnbọn pa á ní ìdájí ọjọ́ 12, oṣù kẹwàá, 1915. Lọ́dún 1916 ni Kánádà fi orúkọ rẹ̀ sọ òkè yìí, tó ga tó mítà 3,363.

Ṣùgbọ́n òkè náà kì í ṣe aláìlórúkọ tẹ́lẹ̀ o. Àwọn ará Faransé tó ń ṣòwò awọ ẹranko ń pè é ní Òkè Ìrékọjá Ńlá, torí òun ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó mọ ibi tí wọn yóò gbà la àwọn òkè kọjá. Kí n má purọ́ fún ọ, orúkọ yẹn dùn mọ́ mi náà. Iṣẹ́ tí òkè ń ṣe ló ń sọ.

Yìnyín kan na apá méjèèjì sára rẹ̀ bí ìyẹ́, Áńgẹ́lì ni wọ́n ń pè é. Ó ti ń yọ́, ó ń kéré sí i. Lọ́dún 2012, yìnyín kejì, tí wọ́n ń pè ní Iwin, já bọ́ sínú adágún ìsàlẹ̀, omi ya dé ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí.

Wàyí o, iṣẹ́ kan wà tí mo fẹ́ bẹ̀ ọ́. Ère obìnrin yìí wà ní London yín níbẹ̀, nítòsí Trafalgar Square. Wọ́n kọ ọ̀rọ̀ tó sọ kí wọ́n tó pa á sára rẹ̀: pé ìfẹ́ ìlú ẹni nìkan kò tó, pé òun kò gbọdọ̀ di ẹnikẹ́ni sínú. Tí o bá gba ibẹ̀ kọjá, bá mi ya fọ́tò rẹ̀. Mo fẹ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ti òkè náà níbi tí a ti ń mu tíì ní wọ́ọ̀dù.

Bá mi kí bàbá wọn.

Èmi ni,
Màmá Tólú