Ká Tó Gbé Sólà Sórí Páànù Yín

Ẹ̀yin oníbàárà wa ní Kubwa, Lugbe àti Gwagwalada, a kí yín o.

Iye owó ni ọ̀pọ̀ yín kọ́kọ́ ń bèèrè, kò sì burú. Ṣùgbọ́n a kì í dárúkọ iye kankan láìtíì wọ inú àjà, torí igi abẹ́ páànù ló máa gbé ẹrù náà. Páńẹ́lì 550 wáàtì kan gùn tó mítà 2.3, ó wúwo tó kílò 27. Mẹ́fà rẹ̀ ti lé ní kílò 160, láìka irin tó dì wọ́n mú. Bí ikán bá ti jẹ igi yẹn, kápẹ́ńtà ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ pè, kì í ṣe àwa.

Ojú skúrù ni òjò ti máa ń tú àṣírí iṣẹ́. Orí gegele páànù là ń lu, kì í ṣe kòtò rẹ̀ tí omi ń ṣàn gbà. Skúrù gbọ́dọ̀ wọ inú igi. Èyí tó bá mú páànù nìkan, ìjì ìbẹ̀rẹ̀ òjò Abuja á fà á tu. Bí wọ́n bá dè é le jù, rọ́bà abẹ́ ẹsẹ̀ irin á fẹ̀ jáde, á sán; bí kò bá sì le tó, omi á wọlé.

Àwọn kan fẹ́ kí páńẹ́lì lẹ̀ mọ́ páànù, wọ́n ní ó dùn ún wò. Ooru ló máa jẹ iná yín! Sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15 là ń fi sílẹ̀ kí atẹ́gùn lè gba abẹ́ rẹ̀. Bí páńẹ́lì bá gbóná dé 65°C, bí oòrùn oṣù Kẹta ṣe ń ṣe é, 550 tẹ́ ẹ rà kò ní ju nǹkan bíi 475 lọ.

Gúúsù ló yẹ kó kọjú sí, kó sì dagẹ̀rẹ̀ ní dígírì 10 sí 15. Àmọ́ bí tánkì omi bá ń ṣíji bo ìhà ibẹ̀, ìwọ̀-oòrùn la ó lò, torí òjìji lórí páńẹ́lì kan lè fa gbogbo àwọn tí wọ́n so mọ́ ọn sẹ́yìn.

Lásìkò ọyẹ́, ẹ fi omi lásán àti aṣọ rírọ̀ nu eruku rẹ̀ lọ́sẹ̀ méjì-méjì, ní ìdájí. Omi tútù lórí gíláàsì gbígbóná lè là á.

Ẹni tó bá fẹ́ ká wá wò ó, kó fi fọ́tò òrùlé ránṣẹ́, kó sì kọ orúkọ gbogbo ohun tó ń lo iná nílé. Ẹ ṣáà bá wa ṣí ẹnu àjà sílẹ̀. Àkàbà, a máa gbé tiwa wá.