"Ẹ má bínú, sà" kì í ṣe ọ̀rọ̀ àgọ́ ọlọ́pàá

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọlọ́pàá kan wá bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ̀rọ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti ń ṣe tíṣà níbí l'Òṣogbo, nígbà tí wọ́n tò sórí ìlà láàárọ̀. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà tutù, Yorùbá ẹnu rẹ̀ sì dùn. Ìgbà tó wá débi "ọlọ́pàá ọ̀rẹ́ yín ni", ẹ̀rín bú láàárín àwọn ọmọ SS2. Igbákejì ọ̀gá wa gbé pàṣán sókè, gbogbo wọn dákẹ́. Etí mi ṣì ń gbọ́ ẹ̀rín yẹn.

Mi ò bá wọn wí, torí àwa òbí la fi ọlọ́pàá ṣe iwin fún wọn. Ọmọ ò tíì mọ̀rọ̀ọ́ sọ tán tí a ti ń sọ fún un pé bí kò bá jẹ àkàṣù rẹ̀ tán, a ó pe ọlọ́pàá kó wá gbé e lọ. Ọmọ tí a dẹ́rù bà báyìí, bó bá rí ọkọ̀ wọn lójijì ní Oríta Ọláìyá, ẹsẹ̀ ni yóò fọ̀rọ̀ fún. Bó bá sì ti sáré báyìí, kò sẹ́ni tó máa bi í léèrè pé kí ló ń lé e.

Síbẹ̀, sísá kọ́ ló ń dùn mí jù. Lọ́dún tó kọjá, ọmọ àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 16 tí kò mọ̀ ju ìwé àti bọ́ọ̀lù lọ, ń bọ̀ láti ibi ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́. Àwọn ọlọ́pàá dá Márúwá tó wọ̀ dúró, wọ́n ní kó ṣí fóònù rẹ̀. Ọmọ yìí dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí títì. Ó ní, "Ẹ má bínú, sà. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́." Wọ́n ní kí ni kò ní ṣe mọ́? Kò rí nǹkan kan sọ. Fóònù ti wà lọ́wọ́ wọn, kò sì mọ nọ́ńbà ìyá rẹ̀ sórí. Ọpẹ́lọpẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ wọ Márúwá náà, òun ló sáré wá sọ fún wa nílé. Aago mẹ́wàá alẹ́ ti kọjá kí a tó rí i lágọ̀ọ́. Nígbà yẹn, "mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́" ti wà nínú ìwé, ọmọ sì ti fọwọ́ sí i láìkà á. Owó tó jáde lápò wa lóru ọjọ́ náà, ẹ jẹ́ n gbé e mì. Wọ́n kúkú kọ ọ́ sára ògiri ibẹ̀ pé ọ̀fẹ́ ni bẹ́lì.

Ta ló kọ́ ọmọ yẹn? Àwa náà ni. Nílé Yorùbá, bí àgbà bá ti fajú ro, ọmọ kì í bi í pé kí lòun ṣe. Yóò kọ́kọ́ bẹ̀bẹ̀ ná, àlàyé lè wá tẹ̀lé e bí àyè bá wà. A tún ní kó má wo àgbà lójú. Ẹ̀kọ́ gidi ni, èmi náà fi tọ́ ọmọ. Àmọ́ níwájú ẹni tó mú bírò àti ìwé dání, ẹ̀bẹ̀ a máa di ìjẹ́wọ́, ojú tí ọmọ gbé sílẹ̀ a sì di ojú ọ̀daràn.

Ní ìpínlẹ̀ Texas l'Amẹ́ríkà, wọ́n ṣe òfin kan ní 2017 pé kí ilé ìwé girama máa kọ́ ọmọ ní ohun tó yẹ kó ṣe bí ọlọ́pàá bá dá a dúró, àti ẹ̀tọ́ tó ní. Ibi tí òfin náà ti wọ̀ mí lójú ni pé ó ní kí wọ́n kọ́ ọlọ́pàá pẹ̀lú. Tiwa níbí, ọlọ́pàá ló ń wá kọ́ ọmọ ṣáá.

Òfin ilẹ̀ wa ò sì dákẹ́. Abala 35 nínú ìwé òfin 1999 sọ pé ẹni tí wọ́n mú lè panu mọ́ títí yóò fi bá agbẹjọ́rò tàbí ẹni tó bá wù ú sọ̀rọ̀. Ó ní kí wọ́n kọ ìdí tí wọ́n fi mú un fún un láàárín wákàtí 24, ní èdè tó gbọ́. Ẹ ò rí i, èdè tó gbọ́! Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 ní kí wọ́n fi tó òbí létí lójú ẹsẹ̀ bí wọ́n bá mú ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18. Òfin ọlọ́pàá ti 2020 sì ti ka gbígbé àbúrò dípò ẹ̀gbọ́n léèwọ̀.

Mi ò ní kí ọmọ máa ka abala òfin sí ọlọ́pàá létí lóru o. Ìgbátí ni yóò fi gbà. Kó dúró, kó jẹ́ kí wọ́n rí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, kó kí wọn, kó sọ orúkọ àti ilé ìwé rẹ̀, kó sì fojú ka orúkọ tó wà láyà aṣọ wọn. Lẹ́yìn náà, kó rọra ní, "Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pe bàbá mi." Kó má fọwọ́ sí ohun tí kò kà.

Ẹ bá mi sọ fún àwọn tó ń mójú tó ètò ẹ̀kọ́ lọ́hùn-ún ní Abẹ́rẹ́, níbi tí ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ wa wà: bí ọlọ́pàá bá tún ń bọ̀ wá bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀, kí agbẹjọ́rò kan láti Legal Aid Council, àjọ ìjọba tó ń bá ẹni tí kò lówó ro ẹjọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, tàbí láti Ẹgbẹ́ Amòfin tẹ̀lé e wá, kí àwọn méjèèjì jọ dáhùn ìbéèrè àwọn ọmọ lójú ara wọn.

Èmi ti bẹ̀rẹ̀ tèmi. Ọmọ 41 ló wà ní kíláàsì mi. Nígbà tí mo ní kí wọ́n pe nọ́ńbà ìyá tàbí bàbá wọn láì wo ibì kankan, mẹ́sàn-án péré ló mọ̀ ọ́n. Mo wá dé fìlà, mo di ọlọ́pàá, mo jágbe mọ́ ọmọbìnrin kan ní ìjókòó iwájú. Kíá, ó ti wà lórí ìkúnlẹ̀: "Ẹ má bínú, mà!" Kíláàsì fẹ́ẹ̀ wó fún ẹ̀rín. Mo ní kó dìde, kí a tún un ṣe. Ẹ̀ẹ̀kẹrin ló tó lè dúró, kó wò mí, kó sì sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé, "Ẹ káàsán, mà. Kí ni mo ṣe?"

Èmi ni,
Tíṣà kan ní Òkè-Fìà, Òṣogbo.