Sí ọmọ mi tó fẹ́ wa Mustang lọ sí kíláàsì

Ẹ̀yin ọmọ mi tẹ́ ẹ ń kàwé ní Òṣogbo àti ní àwọn ìlú tó yí i ká,

Mo kí yín o. Ẹ kú ìwé, ẹ kú àìsùn, ẹ kú ìdúró de kòròpe ní Ọláìyá.

Ẹni tó ń kọ lẹ́tà yìí sí yín kì í ṣe ẹni tó kórìíra mọ́tò. Láti ayé Peugeot 504 ni mo ti ń sùn sábẹ́ ọkọ̀, epo ẹ́ńjìnnì kò sì tíì kúrò lábẹ́ èékánná mi títí dòní. Bí mọ́tò elẹ́ńjìnnì V8, ẹ́ńjìnnì ńlá onísílíńdà mẹ́jọ, bá bú ramúramù kọjá ní Òkè-Fìà, èmi náà á gbójú sókè wò ó. Torí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ọ̀dọ́ fẹ́ràn mọ́tò tó dára. Ẹ̀ṣẹ̀ kọ́.

Ìbéèrè kan ló mú mi kọ̀wé. Àwọn ọmọ ilé ìwé máa ń wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, wọ́n á ní, "Bàbá, èló la lè rí Mustang tòkunbọ̀ rà?" Ẹlòmíì á ní Camaro, ẹlòmíì á ní BMW onílẹ̀kùn méjì. Sípọ́ọ̀tì káà, mọ́tò eléré, ni gbogbo wọn. Èsì mi kì í yí padà: èló ló ń wọlé fún ọ lóṣooṣù, tó jẹ́ pé o kò tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni? Ọ̀pọ̀ wọn kì í padà wá lẹ́yìn ìyẹn. Àmọ́ ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Owó tí a fi ra sípọ́ọ̀tì káà, ẹ̀ẹ̀kan la ń san án. Owó tí a ó fi máa bọ́ ọ ni kì í tán. Irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ dà bí ọmọ ọwọ́ tó kọ̀ tí kò já lẹ́nu ọmú, tí kò sì bìkítà bóyá ìyá rẹ̀ ti jẹun.

Ẹ jẹ́ ká ti orí epo bẹ̀rẹ̀, torí òun ni gbogbo yín mọ̀. Mustang GT elẹ́ńjìnnì V8, bó bá ń rìn nínú ìlú, á mu bíi lítà 15 kó tó rin kìlómítà 100. Corolla ọdún 2010 á mu bíi lítà 9. Kí Ààrẹ Tinubu tó kéde ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 pé ìrànwọ́ orí epo ti dópin, lítà kan kò tó 200 náírà. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ ó ti sún mọ́ 500, nígbà tí ọdún 2024 sì fi ń parí lọ, ó ti lé ní 1,000 lọ́pọ̀ ibi. Ká fi í sí 1,000 kí ìṣirò wa lè rọrùn. Bí o bá ń rin kìlómítà 10 lójúmọ́, láti ilé dé kíláàsì ní Òkè-Bàálẹ̀, láti ibẹ̀ lọ jẹun, láti ibẹ̀ lọ gbé ọ̀rẹ́ (ọ̀rẹ́ kì í sì í wọ́n oní-Mustang), ọjọ́ mẹ́wàá péré lo máa fi rin kìlómítà 100 yẹn. 15,000 náírà ti lọ nìyẹn. Ní oṣù kan, ó di 45,000, epo nìkan. Owó ìgbọ́bùkátà tí NELFUND, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó, ń fún akẹ́kọ̀ọ́ tó bá yá owó wọn, 20,000 náírà ni lóṣù. Kò ní gbé Mustang pé ọ̀sẹ̀ méjì. Gbèsè sì lowó ọ̀hún, ọjọ́ ń bọ̀ tí ẹ máa dá a padà.

Mo tún fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ́ńjìnnì wọ̀nyí ni ilé iṣẹ́ tó ṣe wọ́n dámọ̀ràn epo bẹntiróò tí ìpele rẹ̀ ga ju ti gbogbogbòò lọ fún. Ní Amẹ́ríkà, oríṣi epo bẹntiróò méjì tàbí mẹ́ta ló wà lẹ́nu ẹ̀rọ ilé epo kan náà, kí oníkálukú yan èyí tó bá mọ́tò rẹ̀ mu. Tiwa ńkọ́? Ẹyọ kan ṣoṣo ni. Ohun tí gbogbo ayé ń rà ni ìwọ náà máa rà.

Àmọ́ ní tèmi tí mo jẹ́ mẹkáníìkì, epo kọ́ ló ń já mi láyà jù. Táyà ni. Sípọ́ọ̀tì káà máa ń sún mọ́lẹ̀, ríìmù rẹ̀ á tóbi, rọ́bà tó yí ríìmù náà ká á sì tẹ́ẹ́rẹ́. Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ kó lè di ojú ọ̀nà mú bó bá ń ṣẹ́ kọ́nà lórí eré. Ọ̀nà tó dán ni wọ́n ní lọ́kàn. Bí Corolla bá já sínú gálọ́ọ̀pù, á gbọ̀n, á sì máa lọ, torí rọ́bà táyà rẹ̀ nípọn. Ti sípọ́ọ̀tì káà, kò sí rọ́bà tó máa gba ìyà náà, ríìmù ló máa jẹ ẹ́. Ríìmù á tẹ̀ tàbí kó sán, táyà á yọ gẹ̀gẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, o lè má tètè rí i títí á fi bẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́ lọ́nà Gbọ̀ngán. Àwọn kan wà nínú wọn tí táyà ẹ̀yìn fẹ̀ ju ti iwájú lọ. O kò lè gbé ti ẹ̀yìn síwájú kí wọ́n lè jẹ dọ́gba, bí wọ́n bá ti jẹ tán, títún rà ni. Bọ́ǹpù ẹnu géètì tí kòròpe ń gùn kọjá láì wẹ̀yìn, òun náà ló ń ha abẹ́ irú mọ́tò yìí. Bó bá jẹ́ ibi tí epo ẹ́ńjìnnì ń gbé ló fọ́, tí epo dà nù, tí ìwọ sì ń gbọ́ orin láì rí iná pupa tó tàn níwájú rẹ, kó o tó dé Ọláìyá, ẹ́ńjìnnì ti lọ.

Ẹ wá wo sípéàpáàtì. Ti Corolla, ti Camry tí wọ́n ń pè ní Muscle, ti Honda Accord tí gbogbo ayé mọ̀ sí End of Discussion, wọ́n wà lÓṣogbo níbí. Bí kò bá sí, ó wà ní Gate n'Íbàdàn, ọmọ iṣẹ́ mi lè jáde láàárọ̀ kó sì mú un dé kílẹ̀ tó ṣú. Ti Mustang, Ládìpọ̀ l'Ékòó la ó kọ́kọ́ pè. Bí wọn ò bá ní in, ó di ká ní kí wọ́n fi í ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà, dọ́là ni wọn ó sì kà fún ọ. Dọ́là tí kò tó 500 náírà ní báńkì nígbà tí oṣù kẹfà ọdún 2023 bẹ̀rẹ̀ ti wà lókè 1,500 kí oṣù kejì ọdún 2024 tó parí. Ọmọ tó jókòó ṣe ìṣirò dáadáa kó tó ra mọ́tò, ìṣirò rẹ̀ ti wó kó tó bọ́ sí kíláàsì kejì. Àwa mẹkáníìkì náà ńkọ́? Ọ̀pọ̀ wa ló mọ Toyota dé inú eegun. Àwọn tó mọ Mustang bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ nílùú yìí, ẹni tí kò bá sì mọ̀ ọ́n, mọ́tò tìrẹ ni yóò fi kọ́ṣẹ́. Mo mọ èyí tó wà nínú ọgbà ilé onílé, tí bàtìrì rẹ̀ ti kú, tí eku ti jẹ wáyà rẹ̀. Kòròpe lolówó rẹ̀ ń wọ̀ lọ síléèwé.

Mo ti gbọ́ ohun tí ẹ fẹ́ sọ: "Ẹ̀yin àgbà náà ṣáà ra mọ́tò nígbà tẹ́ ẹ wà lọ́dọ̀ọ́." Òótọ́ ni. Nígbà tí owó Údójì, àfikún owó oṣù tí ìjọba san fún òṣìṣẹ́, jáde, ní nǹkan bí ọdún 1975, òṣìṣẹ́ ra alùpùpù, wọ́n ra rédíò, àwọn tí apá wọn ká a fi dá owó mọ́tò. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot pọ̀ ní Kàdúná, tí wọ́n ń to Volkswagen, èyí tí à ń pè ní Ìjàpá, pọ̀ l'Ékòó. Ẹni tó bá jáde yunifásítì tó sì wọ iṣẹ́ ìjọba, ìjọba á yá a lówó mọ́tò, wọ́n á máa yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú owó oṣù rẹ̀. Ẹ wo bí wọ́n ṣe tò ó: ìwé ló ṣáájú, iṣẹ́ tẹ̀ lé e, mọ́tò wá gbẹ̀yìn. Ìjàpá yẹn pàápàá, bó bá kú lọ́nà Ìkìrun, ọmọ iṣẹ́ tí kò tíì gba fírídọ̀mù lè jí i dìde. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́, bẹ́ẹ̀ la ṣe rìn ín.

Ibi tí Mustang ti ṣẹ̀ wá náà kò yàtọ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 1964 ni Ford gbé e jáde, dọ́là 2,368 ni wọ́n dá lé èyí tó rẹlẹ̀ jù, àwọn ọ̀dọ́ ni wọ́n sì dìídì fojú sùn. Àmọ́ ọ̀dọ́ tó ń gbowó oṣù ni wọ́n ń wí. Títí dòní, ní Amẹ́ríkà, ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 25 ni ilé iṣẹ́ ìbánigbófò ń gba owó gọbọi lọ́wọ́ rẹ̀, bó bá sì jẹ́ mọ́tò alágbára ló ń wà, ó tún di owó mìíràn. Akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ tí ẹ ń rí nínú fíìmù tó ń wa mọ́tò pupa láìní òrùlé, wọn kì í fi ìwé ìbánigbófò rẹ̀ hàn yín. Ní tiwa, ìbánigbófò tó kéré jù, èyí tó ń tọ́jú ẹlòmíì tí o bá kọlù, ti di 15,000 náírà lọ́dún láti oṣù kìíní ọdún 2023. Èyí tó máa bo mọ́tò tìrẹ gan-an kò gbọdọ̀ dín ní ìdá 5 nínú 100 iye mọ́tò náà. Bó bá tó mílíọ̀nù mẹ́wàá, ó di 500,000 lọ́dún, kó o tó da epo kankan sí i.

Ọ̀rọ̀ míì wà tí kò dùn lẹ́nu mi. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá ọdún 2023, àwọn EFCC, àjọ tó ń gbógun ti jìbìtì owó, ya wọ ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì OAU ń gbé n'Ífẹ̀ lóru, wọ́n kó wọn lọ, wọ́n sì padà fi àwọn kan sílẹ̀. Lẹ́yìn tí aráàlú pariwo, ọ̀gá wọn ní àwọn ò ní í ya wọlé lóru mọ́. Èmi ò sọ pé ọmọ Yahoo ni gbogbo ẹni tó ní mọ́tò. Ṣùgbọ́n bí ọlọ́pàá bá dá ọmọ ogún ọdún dúró nínú Mustang lọ́nà Iléṣà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì ni yóò bi í. "Níbo lo ti rówó?" ni. Bí èsì rẹ bá mọ́ bí omi, ó ṣì lè gbà ọ́ ní wákàtí méjì kó o tó sọ ọ́ tán, bóyá ọjọ́ ìdánwò sì ni.

Ti owó tí a fi ń rà á, díẹ̀ ni mo máa sọ. Má fi àpù ayánilówó orí fóònù dá owó mọ́tò, ojú á tì ọ́ lójú gbogbo nọ́ńbà tó wà nínú fóònù rẹ. Má sì jẹ́ kí bàbá rẹ ta ilẹ̀ nítorí pé o fẹ́ ṣe fújà fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ. Ilẹ̀ kì í gba sípéàpáàtì.

Ọmọkùnrin kan ti fi òwe dá mi lóhùn rí, ó ní ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wẹnu àáké. Mo ní ó dáa, ta ló ra àáké? Ó rẹ́rìn-ín. Ohun tí mo sọ fún un lẹ́yìn náà ni mo fẹ́ sọ fún yín. Ṣe bí ẹni tó ti ra mọ́tò náà tán. Fún odindi sáà ìkẹ́kọ̀ọ́ kan, máa kó owó tí ì bá jẹ lóṣooṣù sí àkáǹtì tí o kò ní í fọwọ́ kàn: ti epo, ti táyà, ti ọ́ìlì, ti ìwé, àti nǹkan díẹ̀ fún ohun tí o kò mọ̀. Bí sáà bá parí tí owó náà pé, tí o kò tọrọ, tí ebi kò pa ọ́, tí èsì ìdánwò rẹ kò sì wálẹ̀, a jẹ́ pé mọ́tò ò pọ̀ jù fún ọ. Bí kò bá pé, owó tó wà níbẹ̀ ṣì jẹ́ tìrẹ. Ó lè má gbé Mustang, kó sì jẹ́ ìpìlẹ̀ Corolla tó tọ́. Corolla náà lè máa gbé èrò lọ́jọ́ Sátidé kó fi rówó epo ara rẹ̀. Onílẹ̀kùn méjì kò ṣe é fi ṣe kábúkábú, a ò rí ẹni tó máa ká ẹsẹ̀ bọ ẹ̀yìn rẹ̀ láti ibí dé Ẹdẹ.

Ẹni tó bá jẹ́ mọ́tò gan-an ló fẹ́ràn, tí kì í ṣe ojú tí wọ́n fi ń wo ẹni tó wà nínú rẹ̀, kó wá bá mi nígbà ìsinmi. Mo nílò ọmọ tó gbọ́ kọ̀ǹpútà. Mọ́tò ayé ìsinsìnyí, ẹ̀rọ la fi ń ka àìsàn rẹ̀, àwọn àgbà bíi tèmi sì ń fi ojú méjèèjì wá ẹni tó lè kà á kó sì sọ ohun tó túmọ̀ sí.

Fún àwọn tí owó ti wà lọ́wọ́ wọn lóòótọ́, tí wọn ò sì ní í gbà, ẹ gbọ́. Púpọ̀ nínú sípọ́ọ̀tì káà tòkunbọ̀ tó ń wọlé jẹ́ èyí tó ti ní jàǹbá tàbí tó ti mumi lọ́hùn-ún, tí wọ́n rà lórí gbàǹjo, tí wọ́n sì kùn ún dán. Ẹ gba VIN rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ mọ́tò náà tó jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 lápapọ̀, ẹ sanwó díẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ ka ìtàn rẹ̀. Ẹ gbé kápẹ́ẹ̀tì abẹ́ àga sókè kí ẹ wò bóyá ìpẹtà wà níbẹ̀. Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lára táyà: 2319 túmọ̀ sí pé ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe táyà náà, bó ti wù kó dán tó. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, ẹni tó bá ti mú un gbóná dè yín ní ohun tó fẹ́ fi pa mọ́. Kí ẹ tó sanwó, ẹ gbé e wá kí n wò ó. N kò ní í gba kọ́bọ̀ fún wíwò, kìkì pé kí ẹ má dé lọ́jọ́ Jímọ̀ láàárín aago kan sí méjì ọ̀sán.

Èmi ni Bàbá yín,
Mẹkáníìkì kan ní Òṣogbo.