Sí Ẹ̀yin Tí Bàbá Yín Ṣì Wà Láàyè

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Ìwé kékeré kan wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi tí èèpo rẹ̀ ti ya. Ọkọ mi ló ni ín. Láti ìgbà tí a ti bí àkọ́bí wa ló ti ń kọ nǹkan sínú rẹ̀: ọjọ́ tí ọmọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, ọjọ́ tí ibà kọ lù ú, oògùn tí dókítà fún un àti iye ìgbà tó yẹ kó lò ó lójúmọ́. Ọmọ mẹ́rin la bí, kálukú ló ní ojú ìwé tirẹ̀. Èmi náà ní tèmi, ó fi báírò pupa kọ ọ́ sókè pé oògùn kan báyìí máa ń mú kí ara mi wú, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fún mi. Lẹ́yìn ìsìnkú rẹ̀ ni mo jókòó ti ìwé náà, mo ń ṣí i ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo ń wá orúkọ tirẹ̀. Ojú ìwé 37 ló ti kún kí n tó kàn án. Nígbà tó fi máa kọ orúkọ ara rẹ̀ síbẹ̀, kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Ọdún 11 nìyí tí mo ti ń wo ẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí fún yín.

Ọjọ́ orí wa kò jìnnà síra, orúkọ la fi ń pe ara wa bí àwọn ọmọ kò bá sí nítòsí. Bí ọmọ bá ń ké lóru, òun ló máa ń dìde, á gbé e sáyà, á máa rìn lọ rìn bọ̀ nínú pálọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, á sì tún lọ síbi iṣẹ́. Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, á to bàtà ilé ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí ìwé ìròyìn, á fi bọ́rọ́ọ̀ṣì gbọn eruku wọn, á kùn wọ́n, á sì fi àkísà nù wọ́n títí wọn yóò fi máa dán. Nígbà tí àkọ́bí wa ti ga jù ú lọ, ó ṣì ń kun bàtà rẹ̀. Mo ní kó jẹ́ kí ọmọ náà máa ṣe é fúnra rẹ̀. Ó ní, “Jẹ́ kí n gbádùn ara mi.”

Orí fífọ́ ló fi bẹ̀rẹ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Oògùn ìrora ló ń rà, ibuprofen lónìí, diclofenac lọ́la, ó ń gbé e mì bí ẹni ń jẹ gúgúrú. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá. N kò mọ̀ nígbà náà pé àwọn oògùn wọ̀nyẹn fúnra wọn lè ba kíndìnrín jẹ́ bí èèyàn bá ń lò wọ́n léraléra, pàápàá bí ẹ̀jẹ̀ ẹni bá ti ń ru tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ kan, àwọn nọ́ọ̀sì wá ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ríru fún àwọn òṣìṣẹ́ níbi iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n wọn tirẹ̀, wọ́n tún un wọ̀n: 180 lókè, 110 nísàlẹ̀.

Ẹ fetí sí nọ́ńbà méjì yìí dáadáa, ẹ̀yin ọmọ mi. Ti òkè ni agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti iṣan nígbà tí ọkàn bá fún. Ti ìsàlẹ̀ ni ti ìgbà tí ọkàn bá sinmi díẹ̀ kó tó tún fún. Bí ti òkè bá tó 140, tàbí ti ìsàlẹ̀ tó 90, tí ó sì rí bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru nìyẹn. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ní in ni kò ní ìnira kankan lára. Kò sí bí ẹ ṣe lè wo ojú bàbá yín kí ẹ mọ̀. Àfi kí wọ́n wọ̀n ọ́n.

Ọkọ mi gba oògùn, ó lò ó fún bí oṣù kan. Ara rẹ̀ wálẹ̀, orí kò fọ́ ọ mọ́, ló bá dá a dúró. Ó sọ fún mi pé ara òun ti yá. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó jẹ́wọ́ fún mi pé owó oògùn náà ló ń fi kún owó ilé ìwé àwọn ọmọ. Ọmọ méjì ti wà ní yunifásítì nígbà yẹn. Mo bínú sí òkú, ẹ má jẹ́ kí n parọ́ fún yín. Mo dúró níwájú àwòrán rẹ̀ lára ògiri, mo bi í pé ta ló ní kó ṣe bẹ́ẹ̀ fún wa, ta ló bẹ̀ ẹ́.

Kíndìnrín wà lẹ́yìn, lábẹ́ egungun ìhà, ó tóbi tó ìkúùkù. Nǹkan bí mílíọ̀nù kan asẹ́ tín-tìn-tín ló wà nínú ẹyọ kan, iṣan wẹ́wẹ́ ló sì wà nínú asẹ́ wọ̀nyí. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń fi ipá gba inú wọn kọjá lójoojúmọ́, wọn a máa kú díẹ̀díẹ̀. Èyí tó kù á máa ṣe iṣẹ́ èyí tó ti kú, kò ní pariwo. Ìgbà tó bá fi pariwo, ọ̀pọ̀ ti lọ.

Mo rí àmì, n kò mọ̀ pé àmì ni. Ìtọ̀ rẹ̀ máa ń hó bí omi ọṣẹ nínú ṣáláńgá. Ó ń dìde tọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin lóru. Ọjọ́ tí ojú mi là, àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni. Ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, ó ń ki ẹsẹ̀ bọ bàtà rẹ̀, kò wọlé. Ó tú okùn rẹ̀ pátápátá, kò wọlé. Mo kúnlẹ̀ láti ràn án lọ́wọ́, mo fi àtàǹpàkò tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, ojú ibi tí mo tẹ̀ sì jin kòtò, kò padà. Ọkùnrin tó ń kun bàtà gbogbo ilé kò lè wọ tirẹ̀. Ọjọ́ yẹn la lọ sí ilé ìwòsàn.

Lẹ́yìn náà ló di pé ẹ̀rọ ló ń bá a fọ ẹ̀jẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, wákàtí mẹ́rin lójókòó kan. Dókítà kan níbẹ̀ sọ ìtàn fún un nípa Willem Kolff, ará Netherlands tó kọ́ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní 1943 nígbà tí ogun ń lọ lọ́wọ́, tó jẹ́ pé awọ tí wọ́n fi ń di sọ́séèjì ló fi ṣe é. Àwọn tó kọ́kọ́ tọ́jú kú, kò jáwọ́, títí di 1945 tí obìnrin ẹni ọdún 67 kan fi là á já. Ọkọ mi fẹ́ràn ìtàn yìí gan-an. Gbogbo aláìsàn tuntun tó bá jókòó tì í ló máa ń sọ ọ́ fún. Orí àga yẹn pàápàá, ẹlòmíràn ló ń tù nínú.

Ọmọ wa kejì ní òun á fún un ní kíndìnrín kan. Èèyàn lè fi ẹyọ kan gbé ayé. Láti 1954 ni àwọn dókítà ní Boston ti mú ti ìbejì kan fún ìkejì rẹ̀, ẹni tó gbà á sì lo ọdún mẹ́jọ sí i. Ọkọ mi kò gbà. Ó ní kí ọmọ lọ tọ́jú ara rẹ̀. Oṣù mẹ́jọ la fi bẹ̀ ẹ́, ọmọ náà sunkún lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà tó fi máa sọ pé ó dáa, àwọn dókítà ní ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀ jù, kò ní lè la iṣẹ́ abẹ já.

Ibí yìí lọ̀rọ̀ mi wà. Ọkọ mi mọ fífúnni, kò mọ gbígbà. A yìn ín fún èyí àkọ́kọ́ títí tí a kò fi rí ìkejì. Ẹ̀yin ọkùnrin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di baba ọmọ, mo bẹ̀ yín, bí ara bá ń ro yín, ẹ sọ fún ìyàwó yín. Kì í ṣe pé ẹ ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ohun tí ẹ bá fi pamọ́ fún un, òun náà ni yóò padà gbé e, á sì ti wúwo ju bó ṣe rí lọ. Bí dókítà bá fún yín ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ má fi owó rẹ̀ ṣe nǹkan mìíràn, ẹ má sì dá a dúró nítorí pé ara yá. Oògùn náà ló jẹ́ kó yá.

Àbíkẹ́yìn wa kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ bàbá rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta gbáko. Bí a bá ti dárúkọ rẹ̀, á dìde. N kò fipá mú un. Lọ́jọ́ kan ni mo bá a lẹ́yìn ilé, ó to bàtà àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sórí ìwé ìròyìn.

Ojú ìwé tó kẹ́yìn nínú ìwé kékeré náà, nọ́ńbà ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ló wà níbẹ̀, àárọ̀ àti alẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọwọ́ tirẹ̀ ló kọ ọ́. Nígbà tó yá, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, àwọn nọ́ńbà ń wọ́ lọ sísàlẹ̀. Ìlà mẹ́sàn-án tó parí rẹ̀, ọwọ́ ọmọ ni. Mo ti ya ojú ìwé tuntun fún àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́yìn tirẹ̀, torí ẹ̀jẹ̀ ríru a máa ti ara òbí ran ọmọ, wọ́n sì ń fi nọ́ńbà wọn ránṣẹ́ sí mi.

Ẹ pe bàbá yín lálẹ́ òní. Á ní kò sí nǹkan kan, ara òun le. Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ tán, kí ẹ wá bi í ní nọ́ńbà méjèèjì. Bí kò bá mọ̀ wọ́n, ẹ wá ààyè lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ bá a lọ.

Èmi ni, ìyá yín.