Ọmọ iṣẹ́ mi kì í fọwọ́ kan abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta

Ẹ̀yin olóòtú wa,

Mo kí yín o. Ẹni tó kọ lẹ́tà sí yín lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, tó ní gbogbo àwa tí à ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú ti gba àmì ẹranko inú Ìwé Ìfihàn, òun ló jẹ́ kí n mú bírò. Mi ò sì gba ti ẹni tó dá a lóhùn náà, tó ní àwọn Júù ló ni ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí ẹnikẹ́ni má fi yọ òun lẹ́nu.

Télọ̀ ni mí ní Ògbómọ̀ṣọ́, ilé Onítẹ̀bọmi ni wọ́n sì bí mi sí. Ẹ mọ ìlú wa: láti 1855 tí Bowen, míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, ti gbé ìwàásù dé ibí, Sọ́ńdè ni Sọ́ńdè. Mo wá gba ọmọbìnrin kan síṣẹ́, ìjọ ọjọ́ keje ni àwọn òbí rẹ̀ ń lọ, àwọn tó ń fi Àbámẹ́ta ṣe ọjọ́ ìsinmi, láti ìgbà tí oòrùn bá ti wọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Tí oòrùn bá ti fẹ́ wọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, yóò ká aṣọ tó wà lábẹ́ ẹ̀rọ, yóò kúnlẹ̀ kí mi, ó dìgbà! Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì o, tí aṣọ ẹbí tí wọn yóò wọ lọ òde lọ́jọ́ kejì ṣì wà nílẹ̀ gègèrè, tí oníbàárà dúró tì mí lórí!

Inú bí mi. Ó ní, "Ọ̀gá mi, ẹ má bínú, màá wá parí ẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú." Mo figbe ta: "Lọ́jọ́ ìsinmi? Nínú ṣọ́ọ̀bù tèmi?" Ó wolẹ̀, ó ní, "Ọ̀gá mi, níbo ni Bíbélì ti pe ọjọ́ Àìkú ní ọjọ́ ìsinmi?"

Mo wá a títí, mi ò rí i. Mátíù 28 ló wá ká mi mọ́: ọjọ́ ìsinmi ti parí, ilẹ̀ ọjọ́ kìíní ọ̀sẹ̀ ń mọ́ bọ̀, ni àwọn obìnrin lọ sí ibojì. Bíbélì Yorùbá tiwa náà nìyẹn o, èyí tí Àjàyí Crowther àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ túmọ̀, tó jáde lódindi ní 1884. Àwa la mú orúkọ Àbámẹ́ta, tí a fi pe Àìkú, títí tó fi di pé "Ilé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi" là ń lọ láàárọ̀ Sọ́ńdè. Ẹnu ló mọ́ ọn.

Àmọ́ àwọn ọlọ́jọ́ keje náà ń sọ̀rọ̀ kọjá ààlà. Wọ́n ní Constantine, ọba Róòmù, ló gbé Sọ́ńdè wọ inú ẹ̀sìn. Lóòótọ́ ló ṣòfin ní 321 pé kí àwọn adájọ́ àti oníṣẹ́ ọwọ́ sinmi lọ́jọ́ oòrùn, ìyẹn Sọ́ńdè (ó ní kí àgbẹ̀ máa lọ sóko ní tiẹ̀, ó jọ pé ó mọ̀ pé òjò kì í dúró de ẹnì kan). Ṣùgbọ́n Justin, ẹni tí wọ́n pa ní Róòmù nítorí ìgbàgbọ́, ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní ohun tó lé ní àádọ́jọ ọdún ṣáájú òfin yẹn pé ọjọ́ náà làwọn ń pé jọ, nítorí pé òun ni Jésù jíǹde. Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 20 sì sọ bí wọ́n ṣe bu àkàrà ní Tíróásì lọ́jọ́ kìíní ọ̀sẹ̀. A ò jí ọjọ́ ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ Olúwa ni tiwa, ẹ jẹ́ ká máa pè é bẹ́ẹ̀, ká yé fi òfin kẹrin nínú Òfin Mẹ́wàá, ti ọjọ́ ìsinmi, na ẹni tó bá ta tòmátò lọ́jọ́ Àìkú.

Òfin kẹrin ọ̀hún gan-an, èmi ló bá wí. Diutarónómì 5 ní kí ìránṣẹ́kùnrin rẹ àti ìránṣẹ́bìnrin rẹ lè sinmi bíi tìẹ. Ọ̀gá ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀! Kí ni mò ń ṣe ní tèmi? Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi á rán aṣọ mọ́jú Àbámẹ́ta, mo tún máa ń retí wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì láago mẹ́jọ Sọ́ńdè. Ọmọ tó ń bá mi gbélé á jí láago mẹ́rin dáná ìrẹsì. Tá a bá dé láago méjì, òun náà ni yóò fọ abọ́. Ta ló sinmi nínú wa?

Ọjọ́bọ̀ ni mo ń dá fún oníbàárà báyìí. Ọmọ yẹn ń lọ láago mẹ́rin ọjọ́ Ẹtì. Kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, ó ń to bọ́tìnnì, ó ń lọ aṣọ. Àwọn àgbà ìjọ wa ti bi mí ìdí tí ilẹ̀kùn mi fi ń ṣí sílẹ̀ lọ́jọ́ ìsinmi. Mo ní kí wọ́n bá mi ka Mátíù 28. Wọn ò tíì dá mi lóhùn.

Èmi ni,
Ìyá Télọ̀,
Ògbómọ̀ṣọ́.