Àpótí Jèhóíádà àti Ilé Oúnjẹ Wa

Ẹ̀yin ará mi ọ̀wọ́n nínú Olúwa,

Oore-ọ̀fẹ́ àti àlàáfíà kí ó máa bá gbogbo ilé yín gbé. Níbi ìpàdé ìjọ tí a ṣe kẹ́yìn, ọ̀rọ̀ kan jẹyọ tí kò tán nílẹ̀ títí a fi túká. Bọ́ọ̀sì ìjọ ti bàjẹ́. Àwọn bàbá àti ìyá wa tí wọn kò lè wakọ̀ mọ́ kò rí ohun gbé wọn wá sí ìsìn, òtútù sì ń bọ̀. Bẹ́ẹ̀ owó wà ní báńkì ní àpò ilé oúnjẹ wa, níbi tí a ti ń pín oúnjẹ lọ́fẹ̀ẹ́ fún àwọn ará àdúgbò ní Sátidé. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà wa wá béèrè pé èwo ni kò dára nínú kí á yá díẹ̀ lára owó náà fi tún bọ́ọ̀sì ṣe, kí á sì dá a padà tí a bá ṣe ìkórè tán. Tọkàntọkàn ló fi béèrè, ìfẹ́ ìjọ ló sì mú un sọ̀rọ̀. Mo dáhùn pé rárá, kò ṣeé ṣe. Ilẹ̀ ti ṣú nígbà náà, n kò ráyè ṣàlàyé, mo sì mọ̀ pé irú ìdáhùn ṣókí bẹ́ẹ̀ lè dun ènìyàn. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ èyí.

Owó ilé oúnjẹ yàtọ̀ sí ìdámẹ́wàá, ó yàtọ̀ sí ọrẹ ọ̀sẹ̀. Àjọ àánú tó wà fún àgbègbè wa yìí ló fún wa. Owó ọ̀hún kì í sì í ṣe ti àjọ náà fúnra rẹ̀. Àwọn ènìyàn ló dá a. Àwọn kan ti kú, inú ìwé ìhágún ni wọ́n kọ ọ́ sí. Àwọn kan wà láàyè, wọ́n ń yọ díẹ̀díẹ̀ lára owó oṣù wọn. Olówó wà níbẹ̀, mẹ̀kúnnù wà níbẹ̀. Àjọ náà kó o papọ̀, wọ́n fi dókòwò, wọ́n sì ń pín nínú èrè rẹ̀. Ọ̀pọ̀ irú àjọ bẹ́ẹ̀ ń ná nǹkan bí ìdá 4 tàbí 5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún kí ojú owó má baà tán. Àwọn fúnra wọn kì í dáná, wọn kì í kọ́ ọmọ níwèé, wọn kì í tọ́jú aláìsàn. Àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké tó mọ àdúgbò ni wọ́n ń wá, àwọn tó mọ ilé tí ebi wà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ṣe dé ọ̀dọ̀ wa, nítorí ọ̀pọ̀ yín kò mọ làálàá tó wà nídìí rẹ̀. Àwọn Ìyá Ìjọ kọ́kọ́ fi orúkọ ilé oúnjẹ sílẹ̀ lọ́tọ̀ lọ́dọ̀ ìjọba gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ tí kì í wá èrè. Wọ́n gba ìwé 501(c)(3), èyí tó fi hàn pé ẹgbẹ́ àánú ni, lọ́wọ́ IRS, ilé-iṣẹ́ owó orí ìjọba àpapọ̀. Wọ́n yan ìgbìmọ̀ tirẹ̀, wọ́n ṣí àpò báńkì tirẹ̀. Nígbà tí àjọ náà kéde pé kí ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ owó ìrànwọ́ kọ̀wé wá, wọ́n jókòó kọ ọ́: ta ni a fẹ́ bọ́, ọjọ́ wo, èló ni ìrẹsì àti ẹ̀wà àti mílíìkì, fíríìjì mélòó, ta ni yóò máa ṣírò owó. Òṣìṣẹ́ àjọ náà wá fúnra rẹ̀ ní Sátidé kan, ó bá àwọn ènìyàn lórí ìlà, ó ṣí fíríìjì wò, ó fọ̀rọ̀ wá àwọn tó wá gba oúnjẹ lẹ́nu wò. Lẹ́yìn èyí ni lẹ́tà tó dé pé wọ́n ti gbà. Lẹ́tà náà ni a bu ọwọ́ lù. Ó wà nínú rẹ̀ kedere pé oúnjẹ ni owó yìí wà fún, àti ohun èlò tí iṣẹ́ oúnjẹ ń fẹ́, fún ẹnikẹ́ni tó bá wá láti àdúgbò. Bọ́ọ̀sì kò sí níbẹ̀.

Ẹ ṣí Bíbélì yín sí Àwọn Ọba Kejì, orí 12. Ọba Jèhóáṣì pàṣẹ pé kí àwọn àlùfáà máa gba owó tí àwọn ènìyàn ń mú wá, kí wọ́n sì fi tún ilé Olúwa tó ti ń ya ṣe. Nígbà tí ó fi di ọdún 23 ìjọba rẹ̀, ilé náà ṣì wà bí ó ti wà. Bíbélì kò sọ pé wọ́n jí owó náà. Mo ti ronú lé e lórí gan-an, ohun tí mo sì rò ni pé owó náà ń bá owó mìíràn lọ: lónìí a yọ díẹ̀ fún èyí, lọ́la a yọ díẹ̀ fún ìyẹn, gbogbo rẹ̀ kúkú ni ti Ọlọ́run. Ọdún ń yí, ògiri ń ya. Ìgbà yẹn ni Jèhóíádà àlùfáà mú àpótí kan, ó dá ihò sí ìdérí rẹ̀, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ pẹpẹ. Bí owó bá ti pọ̀ nínú rẹ̀, akọ̀wé ọba àti olórí àlùfáà á jọ wá, wọ́n á kà á, wọ́n á dì í sínú àpò, wọ́n á gbé e fún àwọn tó ń bójú tó iṣẹ́, àwọn yẹn á sì san án fún káfíńtà, mọlémọlé àti àwọn agbẹ́kùúta.

Ẹsẹ 13 ni mo fẹ́ kí ẹ fi ìka sí. A kò fi owó náà ṣe ago fàdákà, a kò fi ṣe àwokòtò, a kò fi ṣe fèrè tàbí ohun èlò wúrà kankan. Ṣé ago fàdákà burú ni? Kò burú, ìsìn nílò rẹ̀. Bọ́ọ̀sì náà kò burú. Ẹsẹ 16 tún fi kún un pé owó ẹbọ ẹ̀bi àti owó ẹbọ ẹ̀ṣẹ̀ kò wọ inú iṣẹ́ náà rárá, ti àwọn àlùfáà ni. Nínú ilé Ọlọ́run kan ṣoṣo, owó mẹ́ta ló wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ọ̀kan kò gbọdọ̀ wọ inú èkejì.

Ẹ ó ní yíyá ni, kì í ṣe jíjẹ. Àwa tí a dàgbà nílé mọ alájọ. Àràárọ̀ ló ń yí ọjà ká, tó ń gba owó ọwọ́ ìyá aláta àti ìyá aláṣọ, tó ń sàmì sí káàdì. Bí alájọ bá fi owó ìyá aláta san owó ọsibítù ọmọ tirẹ̀, kò sí ẹni tí àánú rẹ̀ kò ní ṣe; ṣùgbọ́n nígbà tí oṣù bá parí, ìyá aláta fẹ́ lọ ra ọjà. Bí ìkórè wa bá kéré sí bí a ṣe rò ńkọ́? Àwọn tó ń tò ní Sátidé kò ní mọ̀ nípa bọ́ọ̀sì wa. Fíríìjì tó ṣófo ni wọn yóò rí.

Ìpínlẹ̀ Ohio tí a wà yìí gan-an ni irú àjọ àánú tó fún wa lówó yìí ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ láyé. Ní 1914, ní Cleveland, Frederick Goff, agbẹjọ́rò tó di olórí báńkì Cleveland Trust, dá Cleveland Foundation sílẹ̀. Ohun tó ń dà á láàmú ni ìwé ìhágún àwọn olówó. Ẹnì kan á kú, á fi owó ńlá sílẹ̀ fún iṣẹ́ àánú, á sì fi òfin dè é títí láé. Ẹ wo ti Bryan Mullanphy, tó ti ṣe olórí ìlú St. Louis rí. Nígbà tó kú ní 1851, ó fi ìdá kan nínú mẹ́ta ohun ìní rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn aláìní tó bá gba St. Louis kọjá lọ tẹ̀dó sí ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà. Láyé ìgbà yẹn, kẹ̀kẹ́ tí ẹṣin àti màlúù ń fà ni wọ́n fi ń lọ, ìyà sì ń jẹ wọ́n lọ́nà. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé, irú arìnrìn-àjò bẹ́ẹ̀ dín kù, owó jókòó sílẹ̀, àwọn tálákà inú ìlú sì ń wò ó. Goff ní kí báńkì máa tọ́jú owó, kí ìgbìmọ̀ àwọn ará ìlú máa pinnu ibi tí yóò lọ, kí ó sì wà ní àkọsílẹ̀ pé bí iṣẹ́ tí olùtọrẹ dárúkọ kò bá wúlò mọ́ tàbí tí kò bá ṣeé ṣe mọ́, ìgbìmọ̀ lè darí owó náà síbòmíràn. Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ yẹn, olórí ìlú àti adájọ́ ló ń yàn wọ́n, kì í ṣe báńkì. Lónìí, owó tó wà lọ́wọ́ àjọ náà ju bílíọ̀nù 2 dọ́là lọ.

Nítorí náà, owó lè kúrò níbi tí wọ́n kọ́kọ́ fi í sí. Ṣùgbọ́n ẹni tó di owó mú kọ́ ló ń dá a pinnu. Kíróníkà Kejì orí 24 sọ ìtàn àpótí yẹn kan náà, ó sì fi ohun kan kún un: nígbà tí wọ́n tún ilé náà ṣe tán, wọ́n kó owó tó ṣẹ́ kù wá síwájú ọba àti Jèhóíádà, ìgbà yẹn ni wọ́n tó fi ṣe ohun èlò wúrà àti fàdákà. Ohun tí wọn kò gbọdọ̀ fi ṣe tẹ́lẹ̀ ni wọ́n wá fi ṣe. Iṣẹ́ ti parí, wọ́n sì ti gbé owó náà padà síwájú àwọn tó láṣẹ lórí rẹ̀.

Àwọn Ìyá Ìjọ ti ṣe irú rẹ̀. Fíríìjì méjì ni wọ́n kọ sínú ìwé ìbéèrè. Kí wọ́n tó ra èkejì, ará àdúgbò kan fún wa ní tirẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Wọn kò fi owó rẹ̀ ra àga. Wọ́n kọ lẹ́tà sí àjọ náà pé owó fíríìjì kan ṣẹ́ kù, ṣé àwọn lè fi gbé oúnjẹ lọ fún àwọn arúgbó tí kò lè jáde nílé. Ìdáhùn dé, wọ́n gbà. Inú mi dùn sí lẹ́tà yẹn ju fíríìjì lọ.

Ẹlòmíràn ní ìjábọ̀ tí wọ́n ń béèrè ti pọ̀ jù: rìsíìtì ìrẹsì, rìsíìtì ẹ̀wà, iye ìdílé tó wá, bí ẹni pé wọ́n ń fura sí wa. Ó ka ẹsẹ 15 nínú Àwọn Ọba Kejì orí 12 yẹn sí mi létí, níbi tó ti sọ pé wọn kò béèrè ìṣirò lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ nítorí pé òótọ́ inú ni wọ́n fi ń ṣe é. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ padà sí ẹsẹ 10: kí owó tó kúrò nídìí àpótí, ẹni méjì ló kà á, ọ̀kan láti ààfin, ọ̀kan láti ibi pẹpẹ. Pọ́ọ̀lù náà, nínú Kọ́ríńtì Kejì orí 8, kò dá gbé ọrẹ tí wọ́n dá fún àwọn ará Jerúsálẹ́mù. Ó rán Títù, ó sì rán arákùnrin kan tí àwọn ìjọ fúnra wọn yàn, kí ẹnikẹ́ni má baà rí nǹkan wí sí wọn lórí ọrẹ ńlá náà. Ó ní ohun tó tọ́ lójú Olúwa àti lójú ènìyàn ni àwọn ń lépa. Bí àpọ́sítélì bá ní kí wọ́n fi ẹlòmíràn ti òun, ta wá ni èmi? IRS kò sọ ọ́ di dandan fún ìjọ láti máa fi Form 990, ìwé ìjábọ̀ owó, ránṣẹ́ lọ́dọọdún bí àwọn ẹgbẹ́ àánú yòókù. Ṣùgbọ́n ilé oúnjẹ ní láti fi tirẹ̀ ránṣẹ́, ẹnikẹ́ni ló sì lè béèrè láti kà á. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ kó rí. Mo ti pẹ́ nínú iṣẹ́ yìí tó láti mọ̀ pé owó tí a kò kà ní gbangba ń tú ìjọ ká ju ẹ̀kọ́ òdì lọ.

Mo sì gbọ́ pé àwọn kan ń kùn pé àwọn tí kì í ṣe ọmọ ìjọ, àwọn Mùsùlùmí, àwọn tó ń sọ èdè Sípéènì, ló pọ̀ jù lórí ìlà, pé kí á kọ́kọ́ fún tiwa. Àdéhùn tí a bu ọwọ́ lù kò gbà á. Bí àdéhùn bá tilẹ̀ gbà á, èmi olùṣọ́ yín kò ní gbà á. Ní Denver ní 1887, Frances Wisebart Jacobs, obìnrin Júù kan, pẹ̀lú àlùfáà Kátólíìkì kan, oníwàásù méjì àti rábì kan, pawọ́ pọ̀ láti máa kó owó jọ lẹ́ẹ̀kan náà fún àwọn ilé àánú ìlú wọn, dípò kí kálukú máa kanlẹ̀kùn lọ́tọ̀. Ìpolongo wọn àkọ́kọ́ mú 21,700 dọ́là wá, ibẹ̀ sì ni United Way, àjọ tó ń kó owó jọ fún àwọn ilé àánú, ti ṣẹ̀. Ìgbàgbọ́ wọn kò dọ́gba, àpò kan ni wọ́n jọ lò. Ta ló sì mọ̀ bóyá Mùsùlùmí ló dá owó ìrẹsì tí ọmọ ìjọ wa gbé relé ní Sátidé tó kọjá?

Nípa bọ́ọ̀sì, ìgbìmọ̀ àwọn àgbà ti gbà pé kí á ya ọrẹ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù yìí sọ́tọ̀ fún un, àpòòwé rẹ̀ yóò sì ní àmì tirẹ̀. Kí á tó tún un ṣe, ẹni tó bá ní àyè nínú ọkọ̀ rẹ̀, kí ó fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Ẹgbẹ́ Ọkùnrin kí wọ́n lè fi àgbà kan tàbí méjì sí i lọ́wọ́. Ìjábọ̀ ìnáwó ilé oúnjẹ yóò wà lára pátákó ní ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngán láti Àìkú yìí. Ẹ kà á, kí ẹ sì béèrè ohun tí kò bá yé yín lọ́wọ́ akọ̀wé wọn. Àwọn Ìyá Ìjọ tún ń wá ẹnì kan tó mọ ìṣirò owó, tí kì í ṣe ẹbí ẹnikẹ́ni nínú ìgbìmọ̀ wọn, tí yóò máa bá wọn yẹ ìwé báńkì wò lóṣooṣù. Bí ìwọ bá ni, wá rí mi lẹ́yìn ìsìn.

Olùṣọ́-àgùntàn yín nínú Kristi