Ẹni tó ní ọ̀lẹ làwọn fráyà, kó wá bá mi gbé búrẹ́dì

Ẹ̀yin Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka lẹ́tà tí ẹnì kan kọ sí yín lọ́sẹ̀ tó kọjá pé àwọn tó ń sá fún ìyàwó àti owó ilé ló ń lọ di fráyà (àwọn ọkùnrin Kátólíkì tó ń jẹ́jẹ̀ẹ́ pé àwọn ò ní fẹ́yàwó, tí wọ́n ń gbé pọ̀ nínú ilé kan), pé wọ́n kàn ń jókòó jẹ owó ìjọ ni, ọ̀gá wọn á sì máa pàṣẹ lé wọn lórí bí ẹrú. Ó pa mí lẹ́rìn-ín, ó sì tún bí mi nínú, torí ọdún 11 ni mo fi ń gbé búrẹ́dì lọ fún àwọn fráyà Dominican níbí n'Ìbàdàn. Èmi kì í ṣe Kátólíkì o, Onítẹ̀bọmi ni mí, ẹ má rò pé ìjọ mi ni mò ń gbèjà.

Kílẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni mo máa ń débẹ̀, búrẹ́dì á ṣì máa gbóná, wọ́n á ti lu agogo, màá sì máa gbóhùn wọn látinú ilé ìsìn wọn yẹn (Demas Nwoko, ayàwòrán ilé, ló ya àwòrán ẹ̀, ẹ lọ wò ó tẹ́ ẹ bá ráyè), àwọn tó wà lápá kan á kọ ìlà Sáàmù kan, àwọn apá kejì á gbà á, kò sílù, kò sí kíbọ́ọ̀dù. Burọ́dà tó ń gba búrẹ́dì lọ́wọ́ mi kì í dá mi lóhùn tí mo bá kí i, orí ló kàn máa ń mì. Mo ní ìgbéraga ni! Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé látorí àdúrà tó kẹ́yìn lálẹ́ wọn ò ń sọ̀rọ̀ mọ́ títí wọ́n á fi ṣe tàárọ̀ tán.

Tí wọ́n bá ṣe Mísà tán, ó di kíláàsì, torí ìwàásù niṣẹ́ àwọn Dominican, ìwé ni wọ́n sì ń kà ṣáá. Wọn ò dà bí àwọn mọ́ńkì tí kì í kúrò lójú kan, àwọn máa ń jáde lọ bá èèyàn nígboro. Agogo lọ́sàn-án, agogo nírọ̀lẹ́. Ọjọ́ kan tí òjò dá mi dúró, mo rí wọn lálẹ́ tí wọ́n tò, tí wọ́n ń kọ Salve Regina fún Màríà, tí àgbà wọn ń wọ́n omi mímọ́ sí wọn lára kí wọ́n tó lọ sùn, orí mi wú. Aṣọ funfun yẹn ṣá, ta ló ní kí wọ́n máa wọ funfun nínú eruku Ìbàdàn, ojoojúmọ́ ni okùn ìsáṣọ wọn ń kún.

Ti owó ńkọ́? Kérésì kan mo fún burọ́dà kan ní 2,000 náírà pé kó fi ra sálúbàtà torí èyí tó ń wọ̀ ti lanu, nígbà tí mo padà dé, sálúbàtà ọjọ́sí náà ló ṣì wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀, ó lóun ti kó owó náà fún ẹni tó ń tọ́jú owó ilé, tó bá kan òun wọ́n á ra. Inú bí mi gan-an lọ́jọ́ yẹn.

Ọ̀rọ̀ ẹrú tó sọ yẹn ló wá burú jù. Wọ́n ń dìbò! Àwọn fúnra wọn ló ń yan Prior wọn, ìyẹn ọ̀gá ilé wọn, ọdún 3 ni, tó bá sì parí, á padà sáàárín àwọn yòókù, mo ti rí èyí tó jẹ́ ọ̀gá tẹ́lẹ̀ tó ń fọ abọ́. Lọ́dún 1220 ní Bologna, nílùú Ítálì, Dominic tó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ fúnra ẹ̀ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gba ipò náà lọ́wọ́ òun, wọn ò gbà. Ẹ dárúkọ olóṣèlú wa kan tó ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi. Lóòótọ́, wọ́n ń búra ìgbọ́ràn, wọ́n tiẹ̀ máa ń dojú bolẹ̀ gbalaja kí wọ́n tó búra, ọ̀gá á bi wọ́n pé kí lẹ ń wá, àwọn á ní àánú Ọlọ́run àti tiyín, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n máa gbọ́ràn sí lẹ́nu, àwọn ni wọ́n yàn án.

Mi ò ní parọ́, ayé yẹn le, tí ọmọ mi bá lóun fẹ́ lọ, màá kọ́kọ́ sunkún ná.

Kí ọ̀gbẹ́ni yẹn wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù kí aago márùn-ún ìdájí tó lù, àyè ẹnì kan ṣì wà nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá tí mo fi ń gbé búrẹ́dì. Kó kí burọ́dà tó bá ṣílẹ̀kùn o, àmọ́ kó má retí pé ó máa dá òun lóhùn.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Oníbúrẹ́dì, Ìbàdàn